Ẹ Ka Àwòrán Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Bọ́ọ̀dù Tẹlifíṣọ̀n

Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, A àti B ṣòro fún yín. Nísinsìnyí ẹ ti lè ka lẹ́tà, ẹ ti lè ka orúkọ ọjà, ẹ sì ti lè ka iye owó tí wọ́n kọ sínú rìsíìtì kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ yín jẹ. Lónìí a fẹ́ fi ìwé kíkà mìíràn hàn yín. Kì í ṣe ìwé tí a fi ọ̀rọ̀ nìkan kọ. Àwòrán ni. Àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n ya ọ̀nà tí iná ń gbà nínú rẹ̀ sórí bébà. Àwòrán sákíìtì ni à ń pè é. Ẹni tí ó bá lè kà á kì í méfò. Ẹni tí kò bá lè kà á yóò máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, owó oníbàárà yóò sì máa ṣòfò.

Tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù October, 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó dá a sílẹ̀. Èkìtì wà lábẹ́ ìjọba náà nígbà yẹn. Ọjọ́ 1 oṣù October, 1996 ni Èkìtì di ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà wúwo bí àpótí, ìgò kéékèèké tí ń gbóná ni ó sì wà nínú rẹ̀. Òde òní, ó ti di pẹlẹbẹ bí wàláà. Ìgò ti lọ, bọ́ọ̀dù ni ó kù. Ṣùgbọ́n ohun kan kò yí padà: àwòrán ni ó ń júwe ọ̀nà.

Àwọn méjì ni a kọ ẹ̀kọ́ yìí fún. Èkíní ni ọmọ iṣẹ́ tí ó ń kọ́ àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ ọ̀gá, ní Adébáyọ̀ tàbí ibikíbi ní Adó-Èkìtì. Èkejì ni ẹni tí ó ni tẹlifíṣọ̀n, tí ó fẹ́ mọ ìbéèrè tí yóò bi oníṣẹ́ kí ó tó sanwó. Ẹni tí kò bá tíì kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. A ó sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

1. Ohun tí ó wà nínú tẹlifíṣọ̀n

Bí a bá tú ìdè ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, ohun mẹ́rin ni a sábà máa ń rí.

Èkíní ni bọ́ọ̀dù páwà. Òun ni ó ń gba iná ara ògiri. Iná yìí jẹ́ 230V tàbí 240V. Lẹ́tà V dúró fún fóòtì, èyí tí a fi ń wọn agbára iná. Bọ́ọ̀dù páwà ń sọ iná ńlá yìí di kékeré: 5V, 12V, nígbà mìíràn 24V.

Èkejì ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní main board. Àwa yóò máa pè é ní bọ́ọ̀dù àgbà. Ara rẹ̀ ni ihò áńtẹ́nà, ihò HDMI àti ihò USB wà. Òun ni ó ń gbọ́ràn sí rìmóòtì, òun ni ó sì ń pàṣẹ fún àwọn yòókù.

Ẹ̀kẹta ni bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ń pè ní T-con. Ó ń gba àwòrán lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù àgbà, ó sì ń pín in fún ojú tẹlifíṣọ̀n. Nínú tẹlifíṣọ̀n mìíràn, ara bọ́ọ̀dù àgbà ni T-con wà.

Ẹ̀kẹrin ni ojú tẹlifíṣọ̀n gan-an, tí wọ́n ń pè ní panel. Iná LED wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná ẹ̀yìn yìí ni ó ń jẹ́ kí a rí àwòrán.

Ẹ wò ó bí ilé kan. Bọ́ọ̀dù páwà ni ó ń se oúnjẹ. Bọ́ọ̀dù àgbà ni baálé. T-con ni ìránṣẹ́. Bí baálé kò bá jẹun, kò ní lè sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò sọ pé ó ti kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sin baálé tí ebi kàn ń pa! Wọ́n á ní bọ́ọ̀dù àgbà ti jó, kí a lọ ra òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

2. Lẹ́tà àti àmì inú àwòrán

Àwòrán sákíìtì ní alífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìlà gbọọrọ ni ọ̀nà iná. Bí ìlà méjì bá kọjá lórí ara wọn, tí kókó dúdú sì wà níbi tí wọ́n ti pàdé, a jẹ́ pé wọ́n so pọ̀. Bí kò bá sí kókó dúdú, wọ́n kàn kọjá lára wọn ni, bí ìgbà tí afárá gba orí odò kọjá.

F ni fíúsì. Ó máa ń já kí iná má baà ba nǹkan jẹ́.
R ni rẹ̀sísítọ̀. Ó ń dín iná kù.
C ni kapásítọ̀. Ó ń tọ́jú iná pamọ́, bí ìkòkò ti ń tọ́jú omi.
D ni dáyódù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ kí iná gbà.
Q ni transistor. Ó dà bí ilẹ̀kùn tí ń ṣí tí ó sì ń tì.
U tàbí IC ni ohun dúdú tí ó ní ẹsẹ̀ púpọ̀.
CN ni ibi tí a ń ki wáyà bọ̀.
GND ni ilẹ̀. Ibẹ̀ ni iná ń padà sí, ibẹ̀ ni a sì máa ń fi wáyà dúdú ti mítà sí kí a tó wọn nǹkan.

Nọ́ńbà máa ń tẹ̀lé lẹ́tà. Bí ẹ bá rí F1 nínú àwòrán, ẹ wá F1 lórí bọ́ọ̀dù, ẹ ó rí i. Àwòrán àti bọ́ọ̀dù ń sọ èdè kan náà. Kódà bí àwòrán kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ wo ẹ̀bá ibi tí a ń ki wáyà bọ̀. Lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, wọ́n kọ iye fóòtì síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

3. Ewu ń bẹ o

Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo apá yìí. Kapásítọ̀ ńlá kan wà lórí bọ́ọ̀dù páwà. Bí iná ògiri bá jẹ́ 230V, iná inú kapásítọ̀ yìí lè tó 325V. Nínú tẹlifíṣọ̀n mìíràn, ó ń súnmọ́ 400V. Bí ẹ bá tilẹ̀ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, iná lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ó lè pa ènìyàn. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́, ṣe báyìí, kí ọ̀gá rẹ sì dúró tì ọ́:

Yọ púlọ́ọ̀gì kúrò. Má gbẹ́kẹ̀ lé suwíìṣì nìkan. Dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mú gílóòbù tó máa ń gbóná, kì í ṣe ti LED, tí a ti so wáyà méjì tí ara rẹ̀ bò dáadáa mọ́. Fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ẹsẹ̀ méjèèjì kapásítọ̀ náà, kí iná inú rẹ̀ tán sínú gílóòbù. Lẹ́yìn náà, fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí mítà bá ti sọ pé iná ti tán, o lè fọwọ́ kàn án. Má ṣe fi irin ìtúdè so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Yóò sán bí ààrá, ó sì lè ba bọ́ọ̀dù jẹ́.

Ohun mìíràn tún wà. Apá méjì ni bọ́ọ̀dù páwà pín sí. Apá kan kan iná ògiri tààrà. Èkejì ni apá iná kékeré. Ilẹ̀ apá méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, àmì wọn sì yàtọ̀ nínú àwòrán. Lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, wọ́n fa ìlà funfun sí àárín wọn. Ẹni tí ó bá fi wáyà dúdú mítà sí apá kan, tí ó fi pupa sí apá kejì, irọ́ ni mítà yóò pa fún un.

4. Ohun tí bọ́ọ̀dù méjì ń bá ara wọn sọ

Wáyà kan wà láàárín bọ́ọ̀dù páwà àti bọ́ọ̀dù àgbà. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá lè ka ibẹ̀, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀ nìyí:

5VSB: iná kékeré tí ó máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo tí púlọ́ọ̀gì bá ti wọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Òun ni ó ń tan iná pupa iwájú tẹlifíṣọ̀n.
PS-ON: àṣẹ láti ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù àgbà. Ó ń sọ pé, “Mo ti jí, ẹ gbé oúnjẹ wá.”
12V: oúnjẹ náà gan-an.
BL-ON: àṣẹ pé kí iná ẹ̀yìn tàn.
DIM tàbí ADJ: àṣẹ pé kí iná ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ sí i tàbí kí ó dín kù.
GND: ilẹ̀.

Gbogbo tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló rí bákan náà. Àwọn kan ń lo 3.3V dípò 5V. Àwọn mìíràn kò ní PS-ON rárá. 12V wọn máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Nítorí náà, ẹ má ṣe há a sórí. Ẹ ka èyí tí ó wà níwájú yín.

5. Bí a ṣe ń mọ àrùn

Bí iná pupa kò bá tàn rárá: Ẹ kọ́kọ́ wo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, púlọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀. Bí wọ́n bá dára, ẹ wọn 5VSB. Bí kò bá sí, ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà tí ó lọ sí bọ́ọ̀dù àgbà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ara bọ́ọ̀dù páwà. Bí 5V bá padà wá, a jẹ́ pé bọ́ọ̀dù àgbà, tàbí ohun tí a so mọ́ ọn, ni ó ń fa iná mọ́lẹ̀. Bí kò bá padà wá, ọ̀rọ̀ náà wà lọ́dọ̀ bọ́ọ̀dù páwà.

Bí iná pupa bá tàn ṣùgbọ́n tí tẹlifíṣọ̀n kò jí: Ẹ gbé mítà sí PS-ON, kí ẹnì kan tẹ rìmóòtì. Ó yẹ kí iye rẹ̀ yí padà. Nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, yóò kúrò ní 0V, yóò sì gòkè sí bíi 3V. Bí kò bá yí padà, bọ́ọ̀dù àgbà kò pàṣẹ. Ẹ dán bọ́tìnì ara tẹlifíṣọ̀n wò pẹ̀lú, bóyá rìmóòtì ni kò dára. Bí ó bá yí padà ṣùgbọ́n tí 12V kò wá, bọ́ọ̀dù àgbà ti pàṣẹ, bọ́ọ̀dù páwà ni kò gbọ́.

Bí ohùn bá ń jáde ṣùgbọ́n tí ojú ṣókùnkùn: Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, àwòrán wà níbẹ̀, iná ẹ̀yìn ni kò tàn. Ẹ wọn BL-ON. Bí àṣẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wo iná LED àti ohun tí ń tàn án. Bí kò bá sí àṣẹ, ẹ padà sọ́dọ̀ bọ́ọ̀dù àgbà.

Bí iná ẹ̀yìn bá tàn ṣùgbọ́n tí kò sí àwòrán: Ẹ yọ wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní LVDS, tí ó wà láàárín bọ́ọ̀dù àgbà àti T-con. Ẹ pa iná kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó dípẹtà, kí ẹ sì dá a padà dáadáa. Ẹ wo fíúsì kékeré orí T-con pẹ̀lú.

Bí ó bá ń fi orúkọ rẹ̀ hàn, tí ó ń kú, tí ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀: Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé fóòtì rẹ̀ pé, ó lè jẹ́ pé ètò inú bọ́ọ̀dù àgbà ni ó dàrú. A lè tún un kọ láti inú USB. Ṣùgbọ́n fáìlì náà gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà bọ́ọ̀dù àti ti panel mu. Fáìlì tí kò bá a mu lè pa bọ́ọ̀dù tí kò tíì kú.

6. Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a ní ìyá kan tí ń ta aṣọ gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Adébáyọ̀. Òjò rọ̀ lánàá, ààrá sán, láti ìgbà náà iná pupa kò tàn mọ́. Ọmọ iṣẹ́ ṣí i.

Ọmọ iṣẹ́: Ọ̀gá, main board ti lọ. Kí n sọ fún ìyá pé kí wọ́n mú owó bọ́ọ̀dù tuntun wá?

Ọ̀gá: Dúró ná. Kí ni mítà sọ?

Ọmọ iṣẹ́: N kò tíì wọ̀n ọ́n, sà.

Ọ̀gá: Ta ló wá sọ fún ọ pé ó ti lọ? Wọn 5VSB.

Ọmọ iṣẹ́: Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà.

Ọ̀gá: Pa iná. Yọ wáyà bọ́ọ̀dù àgbà. Ó yá, tún wọ̀n ọ́n.

Ọmọ iṣẹ́: Kò sí síbẹ̀síbẹ̀. Áà, bọ́ọ̀dù páwà ni!

Ọ̀gá: O ṣeun. Yọ púlọ́ọ̀gì, jẹ́ kí iná kapásítọ̀ tán, kí o wo F1.

Ọmọ iṣẹ́: F1 ti já, sà. Ṣé kí n fi òmíràn sí i?

Ọ̀gá: Fíúsì kì í ṣàdédé já. Wo àwòrán: kí ni iná ń bá pàdé lẹ́yìn F1? Dáyódù mẹ́rin ni. Wọn ìkọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tí iná bá ń gba ọ̀nà méjèèjì kọjá nínú rẹ̀ ti jó.

Ẹ rí i báyìí. Bí ìyá yẹn bá ti ra bọ́ọ̀dù àgbà tuntun, owó rẹ̀ ìbá ti lọ, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ìbá sì wà bí ó ti wà. Kò ní padà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́, yóò sì sọ fún àwọn ẹlòmíràn. Ohun kékeré ni ó bàjẹ́. Mítà àti àwòrán ni ó fi í hàn.

7. Bí a ṣe ń fi bọ́ọ̀dù àgbà tuntun sí i

Bí mítà bá wá jẹ́rìí pé bọ́ọ̀dù àgbà ni ó bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ tẹ̀lé ìlànà yìí.

(i) Ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo wáyà kí ẹ tó yọ ìkankan.

(ii) Ẹ ka nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ara bọ́ọ̀dù, kì í ṣe orúkọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n nìkan. Tẹlifíṣọ̀n méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí panel wọn yàtọ̀. Ẹ ka nọ́ńbà panel náà.

(iii) Bí irú bọ́ọ̀dù náà kò bá sí lọ́jà, àwọn oníṣẹ́ máa ń lo bọ́ọ̀dù gbogboògbò, èyí tí a lè fi sí oríṣiríṣi tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí gidigidi! Jọ́mpà kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí a fi ń yan iná tí yóò lọ sí panel: 3.3V, 5V tàbí 12V. Bí panel bá fẹ́ 5V, tí jọ́mpà sì wà ní 12V, panel lè jó lẹ́ẹ̀kan náà. Panel ni ó sábà máa ń wọ́n jù nínú tẹlifíṣọ̀n. Bí ó bá jó, ó lè jẹ́ pé àtúnṣe ti parí nìyẹn. Ìwé panel náà ni yóò sọ iye tí ó fẹ́.

(iv) Ẹ má tíì ki wáyà LVDS bọ̀ ọ́. Ẹ tan bọ́ọ̀dù náà láìsí panel, kí ẹ fi mítà wọn iná tí ń lọ sí panel. Bí iye rẹ̀ bá tọ́, ẹ pa iná, kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ki wáyà náà bọ̀ ọ́. Ẹ wo ibi tí nọ́ńbà 1 wà lára méjèèjì. Wáyà tí a bá dorí rẹ̀ kodò lè ba panel jẹ́.

(v) Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ ó tan gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù 100W kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Bí gílóòbù bá tàn fìrì tí ó sì rẹlẹ̀, ó dára. Bí ó bá mọ́lẹ̀ kedere tí kò rẹlẹ̀, nǹkan kan ń fa iná mọ́lẹ̀ níbìkan. Ẹ pa á kíákíá.

(vi) Bí àwòrán bá dorí kodò, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ, ẹ má bẹ̀rù. Panel kò bàjẹ́. Inú ètò bọ́ọ̀dù ni a ti máa ń tún ìyẹn ṣe.

8. Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ̀yin tí ẹ ni tẹlifíṣọ̀n, bí òjò bá ṣú, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì àti wáyà áńtẹ́nà. Bí oníṣẹ́ bá ní kí ẹ ra bọ́ọ̀dù, ẹ fi sùúrù bi í pé, “Kí ni ẹ wọ̀n, kí ni mítà sì sọ?” Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Inú rẹ̀ yóò dùn láti ṣàlàyé.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ kà, ẹ wọ̀n, kí ẹ tó tú.

Ìbéèrè

1. Ọdún wo ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn?
2. Kí ni iṣẹ́ bọ́ọ̀dù páwà? Kí ni iṣẹ́ bọ́ọ̀dù àgbà?
3. Kí ni lẹ́tà F, C àti CN dúró fún nínú àwòrán?
4. Kí nìdí tí kò fi yẹ kí a fọwọ́ kan kapásítọ̀ ńlá bí a bá tilẹ̀ ti yọ púlọ́ọ̀gì?
5. Ohùn ń jáde, ojú ṣókùnkùn. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe?
6. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí jọ́mpà bá wà ní 12V tí panel sì fẹ́ 5V?
7. Ẹ wá bọ́ọ̀dù tó ti bàjẹ́ tí a kò so mọ́ iná, tí ọ̀gá sì ti rí i pé kò sí iná nínú rẹ̀. Ẹ wá F1, R1, C1 àti CN1 lórí rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé yín.